Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́lé Tí Àkàndá Ẹ̀dá Yóò Lè Dá Wọ̀ ní Ìkòròdú

Nígbà tí wọ́n bá ti kun ilé tán, tí wọ́n ti lẹ táìlì síwájú rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ń pè mí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa da kọnkéré díẹ̀ síbí, kí àwọn tó ń lo wíìlíṣíà lè rọ́nà gbà." N ó wo ilẹ̀ tó kù láàárín àtẹ̀gùn àti géètì, kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ilé sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Kò sí bí bíríkìlà ṣe lè mọṣẹ́ tó tí yóò fi rí ráńpù gidi, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń gùn wọlé, fà yọ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí a ṣe ń ro ọ̀rọ̀ yìí kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ilé rẹ̀ ti dúró tán ṣì lè ṣe.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe jẹun. Mo ti kọ́lé ní Ìgbógbó, mo ti kọ́ ní Ìjẹ̀dẹ́, mo ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó, mo sì ti bá ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ṣiṣẹ́ lọ́nà Odógunyàn. Àbúrò ìyàwó mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un ní kékeré, orí wíìlíṣíà ló wà. Télọ̀ ni, apá rẹ̀ sì le ju ti ẹlòmíràn tó ń ru búlọ́ọ̀kù lọ. Ibi tí ó bá ti rí ọ̀nà, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti òun. "Bọ̀dá mi, ẹ fi mí sílẹ̀, n ó dá a lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń wọn iṣẹ́ mi. Ǹjẹ́ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè dá wọlé, kó dá jáde, kó sì dá lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Bí ó bá di pé èèyàn mẹ́rin ní láti gbé e, ilé náà kò tíì gbà á.

Gíga ilé ló ń pinnu gígùn ráńpù

Omi ni gbogbo wa ń sá fún níbí. Etí ọ̀sà la wà. Àwọn ilẹ̀ kan wà lápá Ìpakodò àti Bàyékù tó jẹ́ pé bí òjò ńlá bá ti rọ̀, àgbàrá á fẹ́ bá èèyàn wọ yàrá. Nítorí náà, ohun tí onílé máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n gbé ilé sókè dáadáa. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Ìwọ̀n tí a fi ń ṣe ráńpù ni 1 sí 12. Bí ó bá gòkè ní ínṣì 1, ó gbọ́dọ̀ gùn ní ínṣì 12. Ìyẹn ni pé ínṣì kọ̀ọ̀kan tí ilé fi ga, ẹsẹ̀ bàtà kan ni ráńpù máa gbà nílẹ̀. Kóòṣì búlọ́ọ̀kù kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan lára ògiri, ga ní ínṣì 9. Pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí a fi tò ó, ó di bí ínṣì 10. Kóòṣì kan ṣoṣo tí ẹ bá ní kí n fi kún ìpìlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 10 lẹ fi kún ráńpù yẹn. Kóòṣì 2, ẹsẹ̀ bàtà 20. Ilé tó ga ní ínṣì 18, ìyẹn àtẹ̀gùn mẹ́ta, ráńpù rẹ̀ á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, bíi mítà 5 ààbọ̀. Èyí tó ga ní ínṣì 24 á gba ẹsẹ̀ bàtà 24, ó lé ní mítà 7. Bí ilẹ̀ bá wà, 1 sí 16 tàbí 1 sí 20 tún dára fún apá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ó pọ̀ létí. Àwọn onílé máa ń bẹ̀ mí pé ṣé ìdajì rẹ̀ kò tó ni. Kò tó. Bí ráńpù bá dúró ṣánṣán, apá á kọ̀, táyà iwájú á gbé kúrò nílẹ̀, ẹni náà á fi ìpàkọ́ lélẹ̀. Bí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni bíréékì. Irin tó ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ á bó o. Mo rí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ṣe ráńpù tó ga bí òrùlé, àtẹ̀gùn ínṣì 4 ṣì tún wà lókè rẹ̀ kí èèyàn tó kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n ní àwọn ṣe é fún kò lè lò ó. Owó ti lọ, kọnkéré ti lọ, ó sì dùn mí, torí pé wọn kò mọ ìwọ̀n yìí kí wọ́n tó dà á.

Bí mo ṣe ń fà á sílẹ̀ nìyí. Rọ́bà omi ni mo ń lò, rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ gaara tí a ń rọ omi sínú rẹ̀. N ó mú ẹnu rẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ojú ilẹ̀ máa wà nígbà tí táìlì bá ti wọlé tán. Ẹ má fi í sórí German floor o, kọnkéré àkọ́kọ́ tí a ń dà sórí ìpìlẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ àti táìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 2, ẹsẹ̀ bàtà 2 sì nìyẹn lórí ráńpù. Lẹ́bírà á mú ẹnu kejì lọ síbi tí mo rò pé ráńpù máa parí sí. A ó gbá èèkàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a ó dúró kí omi inú rọ́bà fara balẹ̀, n ó wá sàmì sí èèkàn. Láti àmì yẹn wá sílẹ̀ ni gíga tòótọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń wọ̀n ọ́n láti ẹsẹ̀ ògiri ilé. Wọ́n á rí ínṣì 20, wọ́n á ṣe ẹsẹ̀ bàtà 20. Ilẹ̀ àgbàlá kì í sábà tẹ́jú, ọ̀nà gọ́tà la máa ń dà á sí kí omi lè rí ibi gbà. Ní ẹsẹ̀ bàtà 20 síwájú, ilẹ̀ lè ti sọ̀ kalẹ̀ ní ínṣì 4 sí i, gíga ti di 24 nìyẹn. Ẹ sún èèkàn síwájú, kí ẹ tún un wọ̀n, títí iye ẹsẹ̀ bàtà gígùn yóò fi bá iye ínṣì gíga mu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa okùn línì láti etí ibi pẹrẹsẹ tó máa wà níwájú ilẹ̀kùn wá sí ẹsẹ̀ èèkàn; etí yẹn náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gígùn. Okùn yẹn ni ojú ráńpù.

Ẹni tó ra ìdajì púlọ́ọ̀tì, 60 ní 60, lè máa rò pé àyè kò sí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni àyè wà. Ẹ jẹ́ kí ráńpù gba àárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì, kó yọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, tàbí kó ṣẹ́ kọ́nà wá síwájú. Ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní 5, kí kẹ̀kẹ́ lè yí. Bí gíga bá ju ínṣì 30 lọ, ẹ ṣe irú ibi ìsinmi bẹ́ẹ̀ sí àárín pẹ̀lú. Lókè pátápátá, níwájú ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní 5 mìíràn, torí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn kò lè jókòó sórí ibi tó dagẹ̀rẹ́ kí ó tún máa fi ọwọ́ kan wá kọ́kọ́rọ́. Fífẹ̀ ráńpù, ẹsẹ̀ bàtà 4 ni mo máa ń fún un. Kò gbọ́dọ̀ dín ní 3.

Ẹ má torí ráńpù yọ àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ọ̀pá abẹ́ abíyá, àtẹ̀gùn tó ní irin ìdìmú rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ.

Inú ráńpù, ẹ fi yanrìn pupa kún un, kí ẹ máa lù ú mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, á rì, á ya kúrò lára ilé, àlàfo á sì là síbi tó ti kan ẹnu ọ̀nà. Kọnkéré ínṣì 4 ló máa wà lórí rẹ̀: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4. Ẹ má lẹ táìlì sí i, bó ti wù kí onílé fẹ́ràn dídán tó. Òjò á rọ̀, yíyọ̀ á dé. Kí kọnkéré tó le, ẹ mú ìgbálẹ̀ líle, ẹ fi fa ojú rẹ̀ ní ìbú, kí ilà rẹ̀ dábùú ọ̀nà. Àwọn ilà yẹn ni táyà àti ẹsẹ̀ ọ̀pá á máa rí dì mú. Ẹ gbé etí ínṣì 4 sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí táyà má bàa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Irin ìdìmú á wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ínṣì 34 sí 38 láti ojú ráńpù. Páìpù roboto tó nípọn tó ínṣì 1 ààbọ̀ ni kó jẹ́, kó gùn kọjá ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ráńpù ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí wẹ́dà sì tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kó má máa fa aṣọ èèyàn ya. Àpò tútù ni kí ẹ fi bo kọnkéré, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 kí ohunkóhun tó gùn ún.

Géètì àti gọ́tà

Èyí kì í sábà sí nínú pílánù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá èèyàn padà jù. Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì ńlá ládùúgbò yín. Wẹ́dà máa ń fi irin kan dábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin tó ga tó ínṣì 6 tí olúkúlùkù ń gbé ẹsẹ̀ kọjá láìrò ó. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ó ní láti dúró síta, kó máa pariwo kí wọ́n wá ṣí géètì ńlá fún òun, bó bá sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ń ké nínú ilé, tani yóò gbọ́?

Kí ẹ tó fún wẹ́dà lówó, ẹ sọ fún un pé kí ilẹ̀kùn kékeré náà dé ilẹ̀, láìsí irin lábẹ́ rẹ̀, kó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 lójú àyè. Á sọ fún yín pé irin ìsàlẹ̀ yẹn ló ń di géètì mú kó má tẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń dì í mú. Kó fi irin kún òkè rẹ̀, kó fi irin dábùú àárín ilẹ̀kùn láti igun dé igun, kó sì lo hínjì mẹ́ta dípò méjì, kò ní tẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ekú àti omi, rọ́bà pẹlẹbẹ tí a fi bóòtù dè mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ń dí i, kẹ̀kẹ́ sì lè tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Súlábù orí gọ́tà, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, kó sì dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀nà. Bí irin alálàfo lẹ bá lò, kí àlàfo má ju ìdajì ínṣì lọ, kí irin rẹ̀ sì dábùú ìrìn, torí táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ á há sí i, ẹsẹ̀ ọ̀pá funfun afọ́jú náà á há sí i.

Ilẹ̀kùn

Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà fẹ̀ tó ínṣì 25 sí 27, ìka ọwọ́ tó ń yí i ṣì wà níta rẹ̀. Àyè tí kẹ̀kẹ́ máa gbà kọjá, nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí tán, kò gbọ́dọ̀ dín ní ínṣì 32. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 3 tí gbogbo wa ń rà ní ọjà, bí férémù bá jẹ tirẹ̀ tán, tí ìnípọn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ jẹ tirẹ̀, ekukáká ló fi ń kù tó bẹ́ẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ààbọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Búlọ́ọ̀kù tí a kò tò kì í gbowó.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tẹ́jú. Bí ó bá ga rárá, kó má ju ìdajì ínṣì lọ, kí etí rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ́. Ilẹ̀kùn onírin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn igi náà sábà máa ń ní irin nílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gé e. Ọwọ́ ilẹ̀kùn gbọọrọ tí èèyàn lè fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ rà, ẹ má ra oníroboto, torí ẹni tí ìka rẹ̀ kò ṣe dáadáa kò lè yí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ fi ínṣì 18 sílẹ̀ lófo sí ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí wá, kí ẹni náà lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kó tó fà á.

Àwọn báǹkì kan ń lo ilẹ̀kùn gíláàsì tó máa ń gba èèyàn kan, tó máa pa, tó tún máa ṣí níwájú. Kẹ̀kẹ́ kò wọ inú rẹ̀. Àbúrò wa ti jókòó síta nínú oòrùn rí, wọ́n mú ìwé wá bá a níbẹ̀ kó fọwọ́ sí i, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wo iye owó rẹ̀. Ilé tó lówó láti fi gíláàsì ṣe ògiri lówó láti ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ibí ni èmi àti onílé ti máa ń jiyàn jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fẹ́ dín àyè kù. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 5, bí kẹ̀kẹ́ bá rọ́nà wọ̀ ọ́, kò ní lè yí, ilẹ̀kùn kò sì ní pa. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ní 7 ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n fún, kí àyè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 lè wà fún kẹ̀kẹ́ láti yí. Kí ilẹ̀kùn ṣí síta. Bí èèyàn bá ṣubú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn, ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ kò ní lè wọlé.

Nígbà tí a ń ṣe ti ilé wa, kí n tó jẹ́ kí púlọ́ńbà de àga ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kí àbúrò wa wá dán an wò nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán. Ó sún kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga náà, ó ti bíréékì méjèèjì, ó yọ apá kẹ̀kẹ́ kúrò. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ ìjókòó, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún wá irin lára ògiri. Irin kò tíì sí níbẹ̀, èmi ni mo di páìpù kan mú fún un. "Ó ga jù, Bọ̀dá mi. Ẹ mú un wálẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn." Ó gbé ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó jókòó. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí ògiri, mo fa tépù: ínṣì 34.

Ìwọ̀n tó yẹ ẹni púpọ̀ ni ínṣì 33 sí 36, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ń ṣe é fún, ẹ jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ ọ́. Ìjókòó àga ìgbọ̀nsẹ̀ ga ní ínṣì 17 sí 19, kó bá ìjókòó kẹ̀kẹ́ dọ́gba. Bí èyí tí ẹ rà bá kúrú, ẹ gbé e lé orí kọnkéré pẹlẹbẹ. Àárín àga sí ògiri tí irin wà, ínṣì 18. Apá kejì, ẹsẹ̀ bàtà 3 lófo fún kẹ̀kẹ́. Irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ààbọ̀, òmíràn lẹ́yìn. Àlàfo irin sí ògiri, ínṣì 1 ààbọ̀, kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n kí apá má lè há sí i.

Ẹ̀yin bíríkìlà, ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Búlọ́ọ̀kù wa oníhò ni. Bí wẹ́dà bá fi bóòtù kékeré kan irin mọ́ ọn, yóò dúró títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, búlọ́ọ̀kù á fọ́, ẹni náà á sì lọ pẹ̀lú irin. Nígbà tí ẹ bá ń to ògiri yẹn, láti kóòṣì kẹta dé ìkárùn-ún, ẹ fi kọnkéré kún gbogbo ihò rẹ̀ dẹ́nu. Ẹ sàmì sí ibẹ̀ kí ẹ tó rẹ́ ògiri, kí ẹni tó ń lẹ táìlì má bàa bo àmì. Bóòtù gígùn ni kí wọ́n fi dè é. Lẹ́yìn náà, kí ọkùnrin méjì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ó gbọ́dọ̀ gbé ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ láìmì, ìyẹn ju kílò 100 lọ.

Níbi ìwẹ̀, ẹ má gbé etí sókè nílẹ̀; ẹ da ilẹ̀ náà wẹ́rẹ́ sí ojú ihò omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wẹ̀, nítorí náà, ẹ ṣe ìjókòó kọnkéré tó ga ní ínṣì 18, kí ẹnu ẹ̀rọ wà níbi tí ẹni tó jókòó ti lè tọ́ ọ, kí pèpéle kékeré kan sì wà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà lórí rẹ̀ kó má di pé èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Síǹkì kò gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ògiri, kí ojú rẹ̀ má ga ju ínṣì 34 lọ, kí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo tó ínṣì 27 fún orúnkún.

Ẹni tí kò ríran, ẹni tí kò gbọ́ràn

Afọ́jú kò nílò ráńpù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe é léṣe ni ohun tó yọ síta ní gíga orí: àpótí ẹ̀rọ amúlétutù níta, fèrèsé tó ń ṣí sí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, abẹ́ àtẹ̀gùn tí a kò dí. Ọ̀pá funfun ń wá ilẹ̀, kì í wá òkè. Ohunkóhun tó bá wà lára ògiri láti ínṣì 27 dé 80, kó má yọ síta ju ínṣì 4 lọ. Gbogbo àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Ọ̀kan tó bá yàtọ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹ fi ọ̀dà tó yàtọ̀ kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, yẹ́lò lórí kọnkéré eérú, fún àwọn tó ń ríran fírífírí. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti dàgbà wà nínú wọn.

Adití nílò ìmọ́lẹ̀. Kí oníná so gílóòbù mọ́ aago ẹnu ọ̀nà, kó máa tàn nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ní ọ́fíìsì àti ilé ìjọsìn, kí iná dé ibi tí ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ máa dúró sí, kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lè hàn.

Súwíìṣì iná ní gbogbo ilé, kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó ga ní ínṣì 18 sílẹ̀. Mítà tí a ń fi káàdì sí lè wà lórí òpó níta, ṣùgbọ́n kí bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ nọ́ńbà wọlé wà nínú ilé ní gíga kan náà pẹ̀lú súwíìṣì.

Bí ilé bá ti dúró tán

Nínú ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ, ohun àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ kó sítóòfù, kẹ́ẹ̀gì omi àti jẹnẹrétọ̀ kúrò ní kọ́rídọ̀, kí ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán ṣófo láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ayálégbé tó ní ìpèníjà bá wà lókè, ẹ bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún un ní yàrá ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó ga ní ínṣì 5, káfíńtà lè fi pákó líle ṣe ráńpù ẹsẹ̀ bàtà 5 fún un, kí ó lẹ yanrìn mọ́ ọ̀dà ojú rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó há, ẹ yọ férémù igi tó nípọn, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀, ínṣì 2 lè ti ibẹ̀ yọ. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ yí i kó máa ṣí síta. Ní ọ́fíìsì tó wà lókè, kí ẹni tó ń gba àlejò sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un. Mọ́ṣáláṣí, ẹ ṣe ibi àlùwàlá kan tí kò ní pèpéle, kí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ga tó ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, òfin ti dé ibẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dáàbò bo àkàndá ẹ̀dá, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2011, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá, ló ń mójú tó o. Pílánù ilé tí gbogbo ènìyàn máa lò tí kò fi ọ̀nà àkàndá ẹ̀dá hàn kò yẹ kó rí ìbuwọ́lù LASPPPA, àjọ tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé ní Èkó, gbà. Òfin ti 2019 yẹn tiẹ̀ fi ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá buwọ́ lù ú. Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń ya pílánù yín kó ya ráńpù náà pẹ̀lú gígùn rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, kí LASBCA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé kíkọ́ ní Èkó, lè rí ohun tí wọ́n máa wọ̀n bí wọ́n bá dé.

Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ wá ẹni tó ń lo wíìlíṣíà gan-an, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ àti owó àkókò rẹ̀. Ẹ da omi sí ráńpù kó tutù bí ìgbà òjò. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì: súlábù gọ́tà, géètì, ráńpù, ilẹ̀kùn, kọ́rídọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, súwíìṣì, kó tún jáde padà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ibi tó bá ti dúró, ẹ fi sàmì síbẹ̀. Gbogbo ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá wà, kí bíríkìlà, wẹ́dà tàbí káfíńtà tó ṣe é tún un ṣe kó tó gba ìyókù owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń gba tèmi.